Àwọn Labalábá Yassa: Bí Mo Ṣe Lọ Yan Ètò Tó Ń Ka Báàkóòdù ní Douala

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ sí Douala nítorí labalábá, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wò mí títí, ó wá bi mí pé, "Títílayọ̀, ṣé labalábá ti tán n'Ìbàdàn ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé, ìdáhùn mi rèé. Àwọn kan nínú yín rò pé aṣọ ni mo lọ kó, torí òwò ni àwọn èèyàn wa mọ Cameroon mọ́. Àwọn mìíràn ní ọkọ ni mo lọ wá. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ mi ní yunifásítì ni pé mò ń tọ́jú àwọn kòkòrò gbígbẹ, tí a fi abẹ́rẹ́ kàn mọ́ inú àpótí olójú dígí, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè mọ ohun tó ti gbé inú igbó wa rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkòrò kọ̀ọ̀kan ni pépà kékeré kan máa ń wà tó ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn páálí bisikíìtì. Báàkóòdù nìyẹn. Nọ́ńbà ló wà nínú àwọn ìlà náà, nọ́ńbà yẹn ló sì ń júwe ibi tí wọ́n ti mú kòkòrò náà, ìgbà tí wọ́n mú un, àti ẹni tó mú un. Tí a bá ya fọ́tò kòkòrò pẹ̀lú pépà rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà lè ka àwọn ìlà yẹn láti inú fọ́tò, kó so fọ́tò mọ́ ìtàn rẹ̀. Èèyàn kò ní láti jókòó máa kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Madame Ngo ló pè mí. Òun ló ń ṣàkóso músíọ̀mù kékeré kan ní Bonamoussadi, àdúgbò kan ní Douala. A pàdé níbi ẹ̀kọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà náà la sì ti ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù, òun pẹ̀lú Pidgin tiwọn, èmi pẹ̀lú Pidgin tiwa. Lásìkò òjò kan, omi ya wọ músíọ̀mù rẹ̀. Àwọn labalábá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Kí wọ́n tó bu tán, ó sáré ya fọ́tò gbogbo wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò, láìsí ètò, láìsí orúkọ. Báàkóòdù inú fọ́tò nìkan ló lè sọ èyí tí í ṣe èyí, omi sì ti ba púpọ̀ nínú àwọn pépà náà jẹ́.

Ó ní, "Sister, come help me choose the one wey fit read am." Mo lọ.

Madame Papillon

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú, afẹ́fẹ́ tó wọlé bá wa rin bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ooru Ìbàdàn gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Douala. Níbẹ̀, o ò ní mọ̀ bóyá òógùn lo ń là ni tàbí òjò winniwinni ló ń fọ́n sí ọ lára.

Ọ̀gá tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò kí mi, ó wá bi mí ní nǹkan ní Faransé. Mo ní "Bonjour." Ó tún bi mí. Mo ti ná Bonjour mi tán, kò sí òmíràn lápò. Ó rọra tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni tó ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, mo sì fura pé ohun tí mo wá ṣe ló fẹ́ mọ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ kan tí Madame Ngo kọ́ mi.

"Papillon," ni mo wí. Labalábá nìyẹn.

Ó gbójú sókè. "Papillon?"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì ju ìyẹ́ fún un. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó sọ fún un, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi. "Bonne arrivée, Madame Papillon." Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nílé pé ojú àwọn òṣìṣẹ́ ibodè máa ń le. Bóyá ó máa ń le fún ẹlòmíì. Èmi kò rí i.

Alhaja Sàlámátù ló wá pàdé mi níta. Ọmọ Ọ̀fà ni, ẹ̀gbọ́n aládùúgbò wa, ó sì ti ń ta aṣọ ní Douala láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ ló fà mí dìde.

"Dìde, dìde, ilẹ̀ ibí tutù! Ṣé wọn ò yọ ẹ́ lẹ́nu ní contrôle? Alhamdulillah. Wọ taxi, ìrẹsì ti jiná."

Ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar, nínú New Bell ní Douala. Ní ilé kan ṣoṣo yẹn, ojúlé kan ń pe ọmọ ní Haúsá, ojúlé kejì ń jà ní Ìgbò, ẹ̀kẹta ń kọrin ìjọ ní èdè tí n kò mọ̀, Alhaja sì ń fi Yorùbá ṣàdúà fún gbogbo wọn. Rashida ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ti dàgbà tó ń bá a tajà, gbé omi wá fún mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, tata."

Ìrọ̀lẹ́ ni. Tata ńkọ́? Mo bojú wo Alhaja, mo ní ṣé ẹ ti sọ fún un pé kòkòrò ni iṣẹ́ mi ni? Alhaja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe àǹtí nìyẹn. "Ó gbọ́ Yorùbá o. Èsì ni kì í jáde. Mo máa sọ ti Ọ̀fà, á fi Faransé dá mi lóhùn, a ó sì gbọ́ ara wa yé."

"Maman, mo ń sọ!" ni Rashida wí, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Ashia

Tí ẹ bá fẹ́ wọ taxi ní Douala, ẹ̀yin lẹ máa dúró lẹ́bàá títì tí ẹ ó pariwo ibi tí ẹ̀ ń lọ àti iye tí ẹ fẹ́ san, awakọ̀ á máa rọra kọjá lọ níwájú yín. Tó bá gbà, á fun fèrè lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá gbà, á bá tirẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá lára mi, ó ń ṣe mí bí ìyàwó tí wọ́n kọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Wọn kò lọ síbi tí mò ń lọ ni.

Músíọ̀mù náà jẹ́ ilé alájà kan láàárín ìsọ̀ bàtà àti ilé ìṣerunlóge. Madame Ngo ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó gẹ irun funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀ kó má baà já bọ́ sínú àpótí kòkòrò. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tèmi, ó fi ìkejì kàn án, ó wá dì mí lápá mú, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Na you be this? Your voice tall pass you!"

Ọ̀rọ̀ kan ló jẹ́ kí ara tù mí níbẹ̀, òun ni ashia. Mo fẹsẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ashia. Mo sín, ashia. Mo gbé àpótí, ẹnikẹ́ni tí mo bá bá pàdé á ní ashia. Nígbà tí Madame Ngo sì gbọ́ pé bàbá mi ti kú, ó rọra sọ ọ́, ó fà á gùn. Mo ní, "Madame, a ní ọ̀rọ̀ yẹn. Pẹ̀lẹ́ là ń pè é." Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, òun ń kí mi ní pẹ̀lẹ́, èmi ń kí i ní ashia.

Lẹ́yìn náà ló mú mi wọ yàrá tí omi ti wọ̀. Ibi tí omi dé ṣì hàn lára ògiri bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Àwọn àpótí wà ní títò. Nínú àwọn mìíràn, abẹ́rẹ́ nìkan ló dúró, pẹ̀lú ẹbu ìyẹ́ díẹ̀ nísàlẹ̀. Òórùn ibẹ̀ dà bí ti aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú báfù. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìgbìmọ̀ tó ni ilé náà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di ìsọ̀. Bonamoussadi ń gbèrú, gbogbo èèyàn ló ń wá ìsọ̀. Ìgbìmọ̀ ní àwọn máa jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí òun bá lè fi hàn wọ́n pé fọ́tò wọ̀nyí ṣì lè wúlò, pé ètò kan wà tó lè kà wọ́n, wọn á jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á kó àwọn àpótí náà síta.

Ó fún mi ní oúnjẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ndolé ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín: ewúro ni. Wọ́n ti fọ ìkorò rẹ̀ dànù, wọ́n wá fi ẹ̀pà lílọ̀ àti edé sè é títí tó fi rọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ni miondo, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pọ́n sínú ewé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Ó kan díẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, ọ̀wọ̀ ni mo fi jẹ ẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, èmi ni mò ń béèrè pé ṣé miondo ò sí ni?

Ètò tó ní ojú

Ètò mẹ́ta ló wà níwájú wa. Àkọ́kọ́ wà lórí fóònù, a sì tètè yọ ọ́ kúrò, torí fọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan ló ń kà, ọjọ́ ogbó sì lè bá wa nídìí ẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan lókè òkun, ó wọ́n. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, òun là ń lò n'Ìbàdàn. N kò ní tàn yín: òun ni mo fẹ́ kó borí.

Monsieur Alain ni aṣojú ètò olówó ńlá náà ní Douala. Ọ̀dọ́kùnrin ni, bàtà rẹ̀ máa ń dán nínú ẹrẹ̀ tó ba tiwa jẹ́, kò sì sí ọjọ́ tó wá láìmú bẹnyé lọ́wọ́, àkàrà ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní púfúpúfù lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní bí ilé yìí bá ra ètò náà, ibẹ̀ ló máa jẹ́ músíọ̀mù àkọ́kọ́ tí òun tà á fún. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀ díẹ̀ nítorí iṣẹ́, kò ṣeé ṣe.

Mo ní kí a tó jẹ́ kí ètò kankan fọwọ́ kan nǹkan, ẹ jẹ́ ká yan àwọn fọ́tò kan tí ojú èèyàn ṣì lè ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ ìlà wọn, ká tẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ìdánwò tí olùkọ́ ò mọ ìdáhùn rẹ̀, báwo ló ṣe máa máàkì rẹ̀? A fi ojú wa kà wọ́n. Lẹ́yìn náà a kó fọ́tò kan náà fún ètò méjèèjì.

Ti Monsieur Alain ń dún bí agogo kékeré nígbàkigbà tó bá ti ka ọ̀kan. Ó ń dún ṣáá ni. Tiwa kò dún rárá. Ó kàn ń kọ nọ́ńbà funfun sórí ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ó sì ń fi àyè òfìfo sílẹ̀ níbi tí kò bá ti rí i kà. Àyè òfìfo náà pọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ti ilé iṣẹ́ náà ti ka fọ́tò tó kù díẹ̀ kó pé gbogbo rẹ̀, tiwa kò ju ìdajì lọ.

Madame Ngo pàtẹ́wọ́. "That one get eye!"

Mo ní òótọ́ ni. Mo tún rọra sọ fún un pé owó ètò náà kò kéré, ọdọọdún ni wọn yóò sì máa san án. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Ohun tó sọ fún mi rèé, mo ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú Pidgin: "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, nǹkan tí ẹlòmíì ti lò tán ni wọ́n ń fún wa. Máíkírósíkóòpù tí wọ́n ti pa tì. Àpótí tó ti sán. Mo fẹ́ kí àwọn labalábá mi ní ohun tó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan."

Mo jẹ bẹnyé mi.

Ní Yassa

Ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Madame Ngo ní òun fẹ́ mú mi lọ síbi tí òun ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn labalábá náà. A gba ọ̀nà Yaoundé lọ sí Yassa, níbi tí Douala ti ń tán lọ. Mo ti wọ bàtà igbó. Ọjà ni mo bá, àti ilé, àti ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán, àti búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò síta kó gbẹ.

Ó ń lọ níwájú, ó ń fọwọ́ júwe fún mi. Odò kékeré kan wà níbí. Igi kan wà lọ́hùn-ún tí àwọn labalábá aláró máa ń bà lé bí oòrùn bá ti mú. Samuel ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀n mú wọn. Gbogbo ìsinmi ni wọ́n fi ń wá, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú àwọ̀n àti búrẹ́dì. Samuel ti kú. Wọ́n ti gé igbó náà. Omi ti ba àwọn labalábá jẹ́. Fọ́tò ló kù.

Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ rí i bí a ṣe ń wò yíká, ó bi wá pé kí la sọ nù. Madame Ngo ní igbó ni a ń wá.

"Bush?" Obìnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé igbó náà lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. "Mami, you don late." Ó wá rí ojú rẹ̀. Ó gbé àga tirẹ̀ fún un. Madame Ngo jókòó díẹ̀ láàárín ẹja gbígbẹ, obìnrin náà kò sì yọ ọ́ lẹ́nu pé kó ra nǹkan.

Mẹ́ta di mẹ́jọ

Ọjọ́ kejì ni mo ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe kí a tó pàtẹ́wọ́. Iye tí ètò kọ̀ọ̀kan kà nìkan la ti wò. Mo wá ń wo nọ́ńbà tí wọ́n kà lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi wé èyí tí a ti fi ojú wa kà.

Gbogbo èyí tí ètò ọ̀fẹ́ kà ló tọ̀nà. Ti Monsieur Alain náà tọ̀nà, ó tọ̀nà, ó tọ̀nà, ó wá ṣì. Ó tún tọ̀nà, ó tún ṣì. Níbi tí omi ti jẹ́ kí yíǹkì wú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ti di ìlà nípọn, ó sì ti ka mẹ́ta ní mẹ́jọ láìfura, agogo rẹ̀ sì dún bí ó ṣe máa ń dún. Irú báàkóòdù àtijọ́ tó wà lórí pépà Madame Ngo kò ní ohun tí ètò lè fi yẹ ara rẹ̀ wò. Ètò ọ̀fẹ́ náà kò lè ka èyí tí yíǹkì rẹ̀ wú. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ó mọ̀ pé òun kò lè kà á.

Ká má purọ́, inú mi dùn. Mo pe Madame Ngo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo fi nọ́ńbà kan hàn án, ó wá ibi tí nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí nínú àkọsílẹ̀ wọn. Gẹ́gẹ́ bí ètò náà ṣe sọ, orí òkè kan ni wọ́n ti mú labalábá náà, jìnnà sí Douala, níbi tí koríko nìkan ń hù.

Ó ní, "Kò lè gbé ibẹ̀. Òtútù á pa á." Ó fọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. "Yassa ni èyí."

Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e. Yassa náà ni, tó ti di ọmọ orí òkè. Ó jókòó. Ayọ̀ mi kúrò lára mi kíá, ojú sì tì mí pé mo ti yọ̀.

"If we no check," ó ní, "I for bury Yassa two times."

A pe Monsieur Alain. Ó wá, ó wò ó, ó kọ́kọ́ ní pépà ló bàjẹ́, kì í ṣe ètò. Òótọ́ ni. Ó wá fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó yí nǹkan kan nínú rẹ̀ pa dà kí ó má baà ka ohun tí kò dá a lójú, ó tún kó àwọn fọ́tò náà fún un. Agogo náà dákẹ́ púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àyè òfìfo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ètò ọ̀fẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó kí wa, ó lọ. Kò sọ ohun tí òun máa wí níwájú ìgbìmọ̀, a kò sì bi í.

Níwájú ìgbìmọ̀

Faransé ni wọ́n máa fi ṣèpàdé, Madame Ngo sì ní láti dojú kọ ìgbìmọ̀, kò ní ráyè túmọ̀ fún mi. Alhaja ní kí Rashida tẹ̀ lé mi. "Kó lọ ṣe interprète fún ẹ. Ó kéré tán, Yorùbá náà á jáde lónìí, yálà ó fẹ́ àbí ó kọ̀."

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ rọ̀, kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Monsieur Alain kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dìde, bàtà rẹ̀ ń dán. Rashida ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí.

"Ó ní ètò yẹn… ó yára. Ó ní ó dáa fún páálí, fún ọjà, fún… les médicaments… oògùn."

Monsieur Alain dánu dúró. Ó mu omi. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ojú Rashida là.

"Tata, ó ní kí wọ́n má rà á."

"Ta ni?"

"Àwọn. Ilé yìí. Ó ní tí òun bá yí i, kò ju ti ọ̀fẹ́ lọ. Tí òun ò bá yí i, pépà tí omi… omi jẹ, ètò òun kò ní sọ pé òun ò mọ̀. Ó máa… comment on dit… ó máa parọ́."

Fojú bù ni ọ̀rọ̀ tó ń wá. N kò tún un ṣe fún un.

Alága yíjú sí Madame Ngo, ó bi í pé gbogbo èyí tí ètò ọ̀fẹ́ kò bá lè kà ńkọ́? Madame Ngo ní ojú òun ló máa kà wọ́n. Ó ní bó bá gba ìyókù ayé òun, òun á kà wọ́n. Alága wò ó títí. Ó bi àwọn ìgbìmọ̀ yòókù léèrè, wọ́n gbà. Wọn kò ní sọ ilé náà di ìsọ̀. Wọn á tilẹ̀ gbé àwọn àpótí tó ṣẹ́kù lọ sí yàrá òkè.

Níta, mo ní kí Rashida bá mi bi Monsieur Alain pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Monsieur Alain ní wọ́n kọ orúkọ bàbá òun ṣì nínú ìwé ìbí. Gbogbo ayé bàbá náà ló fi ń lọ láti ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ìjọba fi pè é títí wọ́n fi sin ín. Ó gbọn bàtà rẹ̀, ó ní òun ní láti ra mílíìkì lọ fún ọmọ òun, ó sì wọ taxi lọ.

Labalábá aláró

Ìyókù ìgbà tí mo lò ní Douala, kíkà la fi ṣe. Ètò ọ̀fẹ́ ti ka tirẹ̀, ó ti fi èyí tó ṣòro sílẹ̀ fún wa. Madame Ngo á fa fọ́tò tóbi, á fi ìka tọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìlà, á pè é ní Faransé, èmi á tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe kọ́ oókan dé eéjìlá ní Faransé nìyẹn. Ní Sátidé, Monsieur Alain yọjú pẹ̀lú bẹnyé, ó fa àga kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tó wá ṣe.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa padà sílé, èmi àti Madame Ngo nìkan la wà níbẹ̀. Ó fa fọ́tò kan jáde, kò sì pe nọ́ńbà. Mo wò ó. Labalábá aláró ńlá kan ni, ìyẹ́ rẹ̀ ọ̀tún fàya. Omi ti fọ pépà rẹ̀ funfun. Kò sí ìlà, kò sí nọ́ńbà, àfi àbàwọ́n.

Ó fi ìka tọ ìyẹ́ tó ya náà.

"Samuel ló mú èyí," ó ní. Àwọ̀n rẹ̀ ló fa ìyẹ́ náà ya. Ó ní Samuel kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ labalábá náà pé kó máà bínú, òun sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Àìsàn kọ lu Samuel lẹ́yìn ìgbà náà. Wọn kò jọ lọ sígbó mọ́.

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ nígbà náà, Madame. Ẹ kọ Yassa, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ta ló máa yẹ̀ yín lọ́wọ́ wò?"

"Ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ mí wò," ó ní. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. "A mú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ya ju ẹyọ kan lọ. Aláró náà pọ̀. Ó dà bí òun. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun." Ó tún wò ó, ó sún mọ́ ọn títí èémí rẹ̀ fi bo ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọ̀rọ̀ kan, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: *inconnu*. A kò mọ̀.

Mo fẹ́ sọ nǹkan. Ó mi orí sí mi.

"If machine no get right to guess, me too I no get."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní ebi ń pa òun. A rìn lọ sí ẹ̀bá títì, níbi tí obìnrin kan ti ń yan ẹja lórí èédú, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Oòrùn ṣì ń ràn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí òun àti Samuel kọ́kọ́ pàdé, ó sì sọ̀rọ̀ títí a fi jẹ ẹja náà kan egungun, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ọkùnrin náà, gbogbo èyí tó dá a lójú.